Tábìlì fẹ́ńdọ̀ kan ní Dùgbẹ̀

Bí ẹ bá gba Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn kọjá láàárọ̀, tí ẹ rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n na ọrùn sórí tábìlì fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn lábẹ́ agboòrùn, ibẹ̀ ni mò ń sọ. Wọn ò ra nǹkan kan. Àkọlé ojú ewé kìn-ín-ní ni wọ́n ń kà, tí wọ́n sì ń tìtorí ẹ̀ bú gómìnà. Fíríì rídà là ń pè wọ́n. Gbogbo wọn ló ti hewú báyìí. Àwọn ọmọ wọn kì í dúró níbẹ̀.

Èmi ń sanwó tèmi. Fẹ́ńdọ̀ yìí ní ètò kan tó dára: ẹni tí agbára ẹ̀ ò ká odindi ìwé ìròyìn lè san owó díẹ̀, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó kà á tán, kó dá a padà. Kò gbọdọ̀ fi bírò kàn án o! Ó tún mọ ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Mi ò ní tíì kí i tán tí á fi sọ pé, "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà, Aláròyé yín wà nílẹ̀." Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn ń jáde, òun sì ni mo máa ń rà lọ sílé, torí ọkọ mi á ti máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn bébà ni pé ó ń tán. Ìkéde òkú ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, kí n wo ẹni tó lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa, kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìjọba. Lórí fóònù, mo lè wọlé nítorí owó epo, kí n bá ara mi nídìí ẹni tó ń ta wíìgì, ògì mi á sì ti dì.

Ibi tí mo ti yọ máàkì nìyí. Tribune, tí wọ́n ń ṣe níbí ní Òkè-Àdó, máa ń tètè dé. Àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá há sójú ọ̀nà, gbogbo ayé á ti ka ìròyìn inú wọn lórí fóònù kí wọ́n tó dé. Fẹ́ńdọ̀ ò ní sọ fún yín, ẹ ó kàn jókòó síbẹ̀ máa wojú títì. Owó ẹ̀ náà ò yé gòkè. Òkè òkun ni bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ti ń wá. Ilé iṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe é ní Oku Iboku, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, ti kógbá sílé tipẹ́. Owó ẹyọ 120 ni Henry Townsend, àlùfáà òyìnbó tó dá ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ sílẹ̀, ń ta tiẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859, ó dá mi lójú pé àwọn kan kùn nígbà yẹn náà.

Ti àwọn ọ̀dọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ń wá o, àmọ́ ìkéde àyípadà orúkọ ni wọ́n ń bá wá: ìyàwó tuntun tí báńkì ní kó mú ìwé ìròyìn tí orúkọ ẹ̀ jáde nínú ẹ̀ wá. Fẹ́ńdọ̀ á bá a wá ojú ewé náà, á ká a dáadáa fún un. Wọ́n á gbà á, wọ́n á lọ, wọn ò ní wo ojú ewé kìn-ín-ní. Òun fúnra ẹ̀ sọ fún mi pé àwọn gan-an lòun ń rí owó lọ́wọ́ wọn báyìí.

Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. Ẹ tètè lọ kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì mú ṣéńjì dání, torí kì í ní.