Hot rod àtijọ́ tí wọ́n bá nínú gáráàjì àbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí mọ́tò àtijọ́ ti wọ̀ lójú, ẹ ó ti rí Ford 1932 rí, èyí tí wọ́n yọ fẹ́ńdà ẹ̀ dànù, tí iwájú ẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, tí gbogbo ẹ́ńjìnnì sì wà ní gbangba. Deuce ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan lára hot rod ni, ìyẹn mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n tún tò kó lè sáré. Ìdí tó fi jẹ́ 1932 ni pé ọdún yẹn ni Ford gbé V8, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ, sínú mọ́tò tí mẹ̀kúnnù lè rà, agbára ẹṣin 65 ló ní, roadster V8 (èyí tí kò ní òrùlé irin) tó wọ́n kéré jù sì jẹ́ 460 dọ́là. Nígbà tó yá tó di tokunbo, àwọn ọ̀dọ́ California ń rà á lówó pọ́ọ́kú, wọ́n ń tú gbogbo ohun tó wúwo kúrò lára ẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sórí adágún gbígbẹ Muroc àti El Mirage lọ sáré. SCTA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré yẹn, 1937 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n ṣì ń sáré ní El Mirage títí dòní.

Ohun méjì ló wà lọ́jà báyìí tí wọ́n ń fi orúkọ hot rod kan náà tà. Ọ̀kan ni èyí tí ẹnì kan tò ní nǹkan bíi 1940-sí-1960, tó sáré, tó darúgbó, tí wọ́n wá tì mọ́ gáráàjì títí bàbá tó ni ín fi kú tàbí tó fi kó lọ sílé àwọn arúgbó. Èkejì ni èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò láìpẹ́ yìí, bódì tuntun, ṣáàsì tuntun, ẹ́ńjìnnì tó ń stáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní fọ́tò, wọ́n lè jọra bí ìbejì.

Mi ò ní fi èrò mi pamọ́ o. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa wa mọ́tò yẹn lọ ra búrẹ́dì ní Sátidé, ẹ ra tuntun jàre, ẹ má fi àtijọ́ pa ara yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan tí kò sí èkejì ẹ̀ láyé, ẹ wá ti inú gáráàjì lọ, kẹ́ ẹ sì gbà tẹ́lẹ̀ pé alágbàtọ́ ni yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ ó máa pinnu bó ṣe máa rí. Ẹni tí kò lè gba ìyẹn ló ń ba mọ́tò jẹ́.

Pépà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kí ọkàn yín tó fà sí nǹkan kan

Ibí ni owó ti ń sọnù jù. Láyé ìgbà yẹn, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń kọ sórí pépà mọ́tò, ẹ́ńjìnnì sì lohun tí àwọn oníhot rod kọ́kọ́ ń pààrọ̀, nítorí náà ẹ lè bá mọ́tò tó jẹ́ ojúlówó pátápátá kí pépà ẹ̀ má bá nǹkan kankan lára ẹ̀ mu. Ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di olè. Ford 1932 ní nọ́ńbà tí wọ́n lù sórí irin ṣáàsì ní apá òsì, ojú ibi mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n bódì bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀, èyí tẹ́ ẹ lè rí wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Tó bá fi 18 bẹ̀rẹ̀, V8 ni wọ́n bí i. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti búrọ́ọ̀ṣì dání, ẹ nu ìdọ̀tí ibẹ̀ fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kà á fún yín. Tí nọ́ńbà yẹn ò bá sí lórí pépà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì mọ́tò ní ìpínlẹ̀ yín ohun tí wọ́n máa gbà, kẹ́ ẹ tó yọ owó lápò.

Ti tuntun yàtọ̀. Pépà tó mọ́ ni èyí tó sọ pé ẹnì kan ló tò ó, tí ìpínlẹ̀ sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. California tiẹ̀ ṣòfin kan ní 2001 tí wọ́n ń pè ní SB 100, ó gba 500 irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láàyè lọ́dọọdún pé kí wọ́n fi ọdún tí bódì tàbí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jọ ṣe òdiwọ̀n èéfín ẹ̀. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún ni mọ́tò tí bódì ẹ̀ jẹ́ fiberglass, ṣáàsì tuntun, gbogbo ẹ̀ tuntun, tí pépà wá ń sọ pé Ford 1932. Níbo ni 1932 wà lára ẹ̀? Ẹnì kan ra pépà òkú mọ́tò níbì kan ni, ọjọ́ tí ọlọ́pàá tàbí ìnṣọ́ránsì bá wò ó dáadáa, ọwọ́ ẹni tó ni ín lọ́jọ́ yẹn ló máa bà á.

Bódì

Irin àtijọ́ dáa, ó sì ń dógùn-ún. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ wo ẹsẹ̀ bódì níwájú ilẹ̀kùn, ẹ ṣí búùtù kẹ́ ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú mágnẹ́ẹ̀tì lọ, ó dáa, ẹ fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà, àmọ́ ẹ rántí pé àwọn páńẹ́ẹ̀lì bítà ìgbà yẹn, òjé ni wọ́n ń yọ́ sójú ibi tí wọ́n bá gé, mágnẹ́ẹ̀tì kì í mú òjé, kì í sì í mú pọ́tì. Ibi tí mágnẹ́ẹ̀tì ti já bọ́ lára coupe (mọ́tò kékeré tó ní òrùlé irin) tí wọ́n gé òrùlé ẹ̀ kúrú ní 1949, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ni, ẹ má sáré bú u. Ẹ wò ó láti inú, níbi tí wọn ò ti kun ọ̀dà, wẹ́dìn àtijọ́ máa ń hàn níbẹ̀.

Ní ti tuntun, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá irin ni àbí fiberglass, torí owó wọn ò tó ara wọn rárá. Brookville ní Ohio ń tẹ bódì roadster 1932 pẹ̀lú irin, United Pacific náà ń ṣe ti coupe. Ilẹ̀kùn wọn máa ń pa dé dáadáa, kò sí ihò kankan. Fiberglass kì í dógùn-ún, ó fúyẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú ẹ ó rí i pé àwọn tó ń rà á máa ń fajú ro.

Ọ̀dà wá ńkọ́? Ọ̀dà tuntun ń dán ju ti àtijọ́ lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lacquer, irú ọ̀dà àtijọ́, tó ti là, ibi tí ọwọ́ awakọ̀ ti nu ọ̀dà kúrò lójú ilẹ̀kùn, nọ́ńbà eré tí wọ́n fi funfun kọ tó ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kò sí ṣọ́ọ̀bù tó lè tà wọ́n fún yín.

Ṣé òótọ́ ni ìtàn tí wọ́n ń sọ?

Gbogbo ẹni tó ń ta hot rod àtijọ́ ló ní ìtàn. "Bàbá mi sá El Mirage pẹ̀lú ẹ̀ ní 1938." Ó dáa, ẹ jẹ́ kí mọ́tò fúnra ẹ̀ jẹ́rìí. Ford 1932 jáde pẹ̀lú bíréèkì tí irin gbọọrọ ń fà, Ford ò lo bíréèkì ọ́ìlì títí di 1939, ìyẹn ni pé tí bíréèkì ọ́ìlì Ford bá wà lára ẹ̀, ó kéré tán ẹnì kan fọwọ́ kàn án lẹ́yìn 1938. Kì í ṣe irọ́ o, wọ́n ń ṣe àtúnṣe sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìtàn gbọ́dọ̀ gba ìyẹn wọlé. Ẹ ka nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì flathead, ìyẹn V8 Ford àtijọ́ yẹn: ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 21 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àárín 1938 sókè ló di 24. Lára ti oní-24, tí ibi tí omi ń gbà jáde bá wà níwájú orí ẹ́ńjìnnì dípò àárín, irú ti 1949 sí 1953 nìyẹn. Iná ẹ̀yìn tó rí bí omijé, Ford 1939 ni wọ́n ti yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ jọ, ẹ ó mọ ọdún tí wọ́n tò ó parí, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

SCTA máa ń fún àwọn tó bá sáré ní àwo idẹ kékeré kan, orúkọ, ọjọ́ àti iye máìlì wà lára ẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó dùn ún rí, àmọ́ wọ́n ń ṣe ayédèrú ẹ̀, nítorí náà fọ́tò ni kẹ́ ẹ bẹ ìdílé náà fún. Fọ́tò àtijọ́ kan tí ihò ara irin iwájú àti àmì wẹ́dìn ti bá ti mọ́tò mu ju ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ti tuntun ò ní wàhálà yìí. Risíìtì ni kẹ́ ẹ gbà, àti orúkọ ẹni tó wẹ́ẹ̀dì ṣáàsì. Ó tán.

Ẹ́ńjìnnì àti wíwà á

Flathead ń gbóná. Kì í ṣe àbùkù ti èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà nìkan, bí wọ́n ṣe ṣe é ni: èéfín máa ń gba àárín bulọ́ọ̀kù kọjá, láàárín sìlíńdà àti omi, kó tó jáde síta, sìlíńdà méjì àárín sì ń pín ojú ọ̀nà kan lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ooru yẹn ni bulọ́ọ̀kù ń gbà, ibẹ̀ náà ló ti máa ń là, láti ibi fáàfù sí sìlíńdà. Ẹ má ra flathead láì jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ojú lílà. Tó bá sì jẹ́ pé orí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ Edelbrock tàbí Offenhauser ṣe ló wà lórí ẹ̀ pẹ̀lú kabúrétọ̀ Stromberg 97 méjì, ẹ mọ̀ pé owó wà nínú ìyẹn nìkan.

Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Chevy V8 ló máa wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 350 tó jáde ní 1967 ló wọ́pọ̀, sípéárì ẹ̀ kún ibi gbogbo, mẹkáníìkì àdúgbò yín á tún un ṣe. Pẹ̀lú disiki bíréèkì, gíà márùn-ún, kódà AC. Lójú títì ńlá kò sí ìfiwéra, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ti àtijọ́ á máa fa yín sọ́tùn-ún sósì, sítíárì ẹ̀ le, iná ẹ̀ jẹ́ fóòlùtì 6, iná iwájú sì ń ṣe bíi pé ó fẹ́ sùn.

Èyí tí wọ́n ti tún ṣe bí tuntun

Irú kẹta wà láàárín: hot rod àtijọ́ gidi tí wọ́n ti tú palẹ̀, tí wọ́n kun ọ̀dà tuntun sí. Èmi máa ń ṣọ́ra fún irú ẹ̀ jù, torí ẹ̀rí ti lọ pẹ̀lú ọ̀dà, ọ̀rọ̀ ẹnu àti fọ́tò ló kù. Ìbéèrè kan tún wà: ọdún wo ni wọ́n dá a padà sí? Roadster Bob McGee wà lójú ìwé iwájú ìwé ìròyìn Hot Rod ní October 1948. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ Dick Scritchfield, ó kun ún ní ọ̀dà tó ń tàn yanran, ó sì fi sáré ju máìlì 160 lọ ní wákàtí kan ní Bonneville, pápá iyọ̀ tí wọ́n ti ń sáré ní Utah. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 1948 ni wọ́n dá a padà sí. Iṣẹ́ tó rẹwà ni, àmọ́ ìgbà Scritchfield ti kúrò lójú ẹ̀. Ó yé mi tí èèyàn ńlá bá ṣe é fún mọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀, pàápàá láti ìgbà tí Pebble Beach, àfihàn mọ́tò àtijọ́ ńlá ní California, ti ń gba hot rod sí ìdíje, 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, roadster Doane Spencer ló sì gbapò kìíní. Ti yín tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Tẹ́ ẹ bá ra ti inú gáráàjì

Ẹ má stáàtì ẹ̀ lọ́jọ́ náà! Mo mọ̀ pé ó ń wù yín, kámẹ́rà ti wà nílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ti pé jọ, ẹ má ṣe é. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì tó ń wọ inú irin sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ yí i. Ẹ sọ táǹkì kalẹ̀, epo tó ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún ti di gọ́ọ̀mù. Wáyà tí aṣọ wé, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, iná lè tibẹ̀ jó gbogbo mọ́tò. Rọ́bà epo, rọ́bà omi, sìlíńdà bíréèkì, táyà: tuntun ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tẹ́ ẹ yọ sínú àpò, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí i lára, ẹ tọ́jú ẹ̀.

Ọ̀dà ẹ̀, omi àti ọṣẹ tí kò le, pẹ̀lú ọwọ́ yín, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń yí, torí lacquer àtijọ́ fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ yẹn á débi irin kẹ́ ẹ tó mọ̀. Àga tó ti ya, ẹ rán ibi tó ya, ẹ má bọ́ awọ ẹ̀. Ẹ má fi tapólì bò ó, omi á máa lágùn sábẹ́ ẹ̀, aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì pa eku.

Ìnṣọ́ránsì méjèèjì, ẹ bá wọn fẹnu kò lórí iye mọ́tò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín lẹ́yìn jàǹbá pé ọjọ́ orí ti jẹ owó ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rò ó pé ẹ ó fi ránṣẹ́ sí Èkó láti fi ṣe fàájì ní Kérésìmesì, ẹ rántí pé kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní iye ọdún tí wọn kì í jẹ́ kí tokunbo kọjá, mọ́tò 1932 sì ti kọjá ẹ̀ kí bàbá yín tó gbéyàwó.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni àwọn nǹkan orí pẹpẹ inú gáráàjì náà. Orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ ní 1951, ife ẹ̀yẹ, jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́, ìwé tí wọ́n fi ra kabúrétọ̀, róòlù fíìmù fọ́tò tí kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́ rí, ìdílé náà lè má mọ̀ pé mọ́tò ló ni wọ́n, wọ́n á kó wọn fún oní-jùnkí lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ bá lọ tán. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú risíìtì pé gbogbo ẹ̀ bá mọ́tò lọ, ẹ sì mú ọkọ̀ kejì dání tó máa kó wọn.