WordPress tàbí kíkọ ọ́ lọ́wọ́?

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣe wẹ́ẹ̀bù. Bí oníbàárà tó ń ta gaàrí bá ń kánjú, WordPress, ètò tí a fi ń ṣe wẹ́ẹ̀bù láìkọ kóòdù, tó ti wà láti 2003, ni mo máa ń lò fún un: ó yá, òun fúnra rẹ̀ á sì lè pààrọ̀ iye owó ọjà.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá fi HTML àti CSS, àwọn èdè tí a fi ń kọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù àti ìrísí rẹ̀, kọ lọ́wọ́ ló ń wọ̀ mí lára jù. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, mo dúró wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, l'Ójúde Ọba. Mo tẹjú mọ́ etí agbádá bàbá kan. Nígbà tí mo délé, mo wá àwọ̀ náà fún ojú ewé tí mo ń fọwọ́ kọ títí mo fi rí nọ́ńbà tí a fi ń pè é nínú CSS: #800020, pupa tó ti ń sún mọ́ dúdú. Kò sí àwòṣe ẹlòmíì tó lè fún mi nírú ẹ̀. Ojú ewé náà fúyẹ́, kì í jẹ dátà púpọ̀.