Kíráùn àti pínìnì 4.88 fún Hilux onítáyà ńlá: ó ń fà, ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ tó máa dè é

Ẹ máa rí Hilux onítáyà ínṣì 35 ní Wuse, ẹ máa rí i lọ́nà Kùbwà, bọ́dì rẹ̀ á ga bí ẹni tó fẹ́ fo kòtò. Ohun tí ojú kì í rí ni ti inú ásù, ìyẹn ilé jíà tó ń yí táyà. Tó bá jẹ́ eyín tó bá ọkọ̀ wá ló ṣì wà níbẹ̀, gíga lásán ni ọkọ̀ náà ga, kò ní lè gun òkè. Ohun tí à ń yẹ̀ wò níbí ni kíráùn àti pínìnì 4.88 tuntun, ti ẹ̀yìn àti ti iwájú pẹ̀lú kíìtì bíárìn wọn, èyí tí wọ́n ń ṣe fún ásù Toyota onínṣì 8.

Kíráùn ni jíà ńlá tó ń yí táyà, pínìnì ni jíà kékeré tí propeller, irin gígùn tó ti ara gíábọ́ọ̀sì wá, ń yí. Kíráùn rẹ̀ ní eyín 39, pínìnì ní 8. Tí ẹ bá pín in, 4.875 ni, òun ni wọ́n ń pè ní 4.88: propeller á yí nígbà 4.88 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eyín 41 sí 10 ni 4.1, 41 sí 9 ni 4.56, 43 sí 11 ni 3.9. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni lórí èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín. Ẹ fi òkúta há táyà iwájú, ẹ jáàkì ẹ̀yìn méjèèjì sókè, ẹ fi gíà sí neutral, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára propeller àti táyà. Ẹ yí táyà méjèèjì papọ̀ nígbà mẹ́wàá. Bí propeller bá yí nígbà 41, 4.1 ni.

Ìṣirò tó kù kò le. Táyà 265/65R17 ga tó mílímítà 776, 315/70R17 tó jẹ́ bíi ínṣì 35 ga tó 873. 873 pín sí 776 jẹ́ 1.125. Bó bá jẹ́ 4.1 ló bá ọkọ̀ yín wá, ẹ fi sọ ọ́ di púpọ̀, 4.61 ló jáde. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti padà sí bó ṣe ń rìn kí táyà tó tóbi. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé Àbújá sí Lọ́kọ́ja lórí ọ̀dà ni ìrìn rẹ̀, 4.56 ni kó rà, kó fi owó 4.88 sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù wọ yanrìn Yobe tàbí tó ń gun òkè Mambilla lọ sí Gembu ni 4.88 wà fún. Ẹ́ńjìnì tó ń yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀ á máa yí bíi 2,640 ní eré kan náà, epo á lọ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi 4.1 sílẹ̀ lábẹ́ táyà yẹn, ẹ́ńjìnì á wálẹ̀ sí bíi 2,220, níbi tí kò ti lágbára. Gíábọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀mátíìkì á máa wá gíà kiri, ọ́ìlì rẹ̀ á máa hó. Ti oníkílọ́ọ̀ṣì, kílọ́ọ̀ṣì ni á jó.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń tà á kì í fẹ́ sọ: orí pínìnì eléyín 8 kéré sí ti eléyín 10, agbára rẹ̀ náà sì kéré sí i. Ẹ má ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì nígbà tí táyà bá rì, pàápàá tí ẹ bá ti tan díìfù lọ́ọ̀kì, èyí tó ń mú táyà méjèèjì yí papọ̀.

Ní ti tòkunbọ̀ tí ẹ máa bá pàdé ní Zuba tàbí ní ọgbà mẹkáníìkì Apo: bí wọ́n bá rí ásù odindi, tiwájú àti tẹ̀yìn tí iye eyín wọn bára mu, ẹ lè rà á lẹ́yìn tí ẹ bá ka eyín. Kíráùn tí wọ́n yọ níhìn-ín, pínìnì tí wọ́n rí lọ́hùn-ún, ẹ sá fún un. Ìbejì ni wọ́n, ilé iṣẹ́ ti lọ̀ wọ́n pọ̀, nọ́ńbà kan náà ló sì máa ń wà lára àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ dídè ni ọ̀rọ̀ wà. Ti ẹ̀yìn rọrùn, nítorí orí differential, níbi tí kíráùn àti pínìnì wà, ń yọ lódidi. Wọ́n á da ọ́ìlì nù, wọ́n á fa half-shaft méjèèjì (irin tó lọ sí táyà kọ̀ọ̀kan) síta, wọ́n á tú propeller, wọ́n á sì gbé e sórí tábìlì. Kíráùn tuntun kì í fẹ́ wọlé wẹ́rẹ́. Ńṣe ni kí wọ́n rì í sínú omi híhó kó gbóná dáadáa, á jókòó fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbé òòlù sí i, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Crush sleeve ẹ̀wẹ̀, ìyẹn òrùka irin tó máa ń rún bí wọ́n bá ń fún nọ́ọ̀tì pínìnì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń rún. Bí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì pínìnì kọjá ààlà, dídẹ̀ ẹ́ padà kì í ṣe àtúnṣe, sleeve tuntun ni. Àyè tó wà láàrín eyín méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 0.13 sí 0.18, dial gauge ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìka ọwọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ìpara aláwọ̀ ìyeyè pa eyín kíráùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn. Ẹ dúró wò ó. Àmì tó dáa á wà láàrín eyín, á rí gbọọrọ bíi hóró ẹ̀pà. Bó bá sún lọ sí ìdí eyín, pínìnì wọlé jù, kí wọ́n fi ṣímù (òrùka irin pẹlẹbẹ) tínínrín pààrọ̀ ti abẹ́ rẹ̀. Bó bá gun orí eyín, kò wọlé tó, ṣímù tó nípọn sí i ni. Èyí lè gba títú àti dídè nígbà mẹ́ta, mẹ́rin. Àṣìṣe ibí yìí ló ń mú kí ásù máa hu bí ẹ̀rọ ìlọta tí ẹ bá tẹ iná. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ní, “Ọ̀gá, ẹ máa gbé e lọ, ó máa wọra”, ẹ má gbà. Eyín kíráùn kì í wọra, jíjẹra ló ń jẹra.

Iwájú ló ń gbówó. Odindi ásù ni wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, ṣímù ni wọ́n sì fi ń tún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe, kò sí ìrọ̀rùn. Àwọn kan á ní kí ẹ ṣe ẹ̀yìn lóṣù yìí, kí iwájú di oṣù tó ń bọ̀. Ó ṣeé ṣe, bí ẹ kò bá ní fọwọ́ kan 4WD rárá títí dìgbà náà. 4.88 lẹ́yìn, 4.1 níwájú, bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, ó lè fọ́ transfer case, àpótí tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn.

Máìlì náà á yí padà. Bó bá jẹ́ ara gíábọ́ọ̀sì ló ti ń ka eré, nígbà tó bá kọ 100, bíi 95 lẹ ń sá. Bó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ABS ní táyà ló ń kà, eyín kò kàn án. Táyà nìkan ló ń dà á láàmú, 112 lẹ ń sá níbi tó ti kọ 100. Ẹ sọ fún ẹni tó ń wakọ̀ yín.

Bírékì kò ní dáa sí i nítorí eyín tuntun, ẹ fi owó sílẹ̀ fún un.

Ọ́ìlì GL-5 80W-90 ni kí ẹ dà sí i títí tí yóò fi máa sàn jáde lójú ihò òkè. Ẹ kọ́kọ́ wà á jẹ́jẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kó tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún wà á. Ẹ má kó ẹrù, ẹ má fa tírélà títí di kìlómítà 800, nígbà náà ni kí ẹ da ọ́ìlì yẹn nù. Ẹ wo orí bóòtù ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú múlọ́múlọ́ bí ẹ̀tù kò burú. Bó bá jẹ́ èérún tó ń dán, tí ẹ lè fi èékánná mú, ẹ má da ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ ní kí wọ́n tún un tú.