Àgbéyẹ̀wò Kíláàsì Yíya Àwòrán Ènìyàn Kan ní Tanke, Ìlọrin

Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbèrò láti forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì yíya àwòrán ènìyàn tí ó ń wáyé ní òpin ọ̀sẹ̀ ní agbègbè Tanke, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó mọ ohun tí ó fẹ́ rà kí ó tó sanwó. Wọ́n mọ bí a ṣe ń kọ́ni láti ya ara tí ó ń ṣiṣẹ́, dé ibi pé mi ò tíì rí irú rẹ̀ ní Ìlọrin. Ní ti ojú àti ohun tí ojú ń sọ, ẹ̀kọ́ wọn kò jinlẹ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo sì máa ń ya àwòrán sára àwọn káàdì tí mo fi ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí Ìjàpá kò bá jọ ẹni tí ń sá, tàbí tí ìbínú ọba kò hàn lára rẹ̀, àwọn ọmọdé kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni, ìdí sì nìyí tí mo fi lọ.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ gba rọ́bà ìpàwérẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, ó sì kó wọn sínú ọ̀rá. Ó ní kí ọ̀kan nínú wa bọ́ síwájú, kí ó ṣe bí ẹni tí ń fa omi nínú kànga, kí àwa yòókù sì yà á láàárín 30 ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ìwọ̀n àkókò bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè ráyè ya imú tàbí bọ́tìnì. Ohun tí ọwọ́ lè mú kò ju ìlà kan ṣoṣo lọ, èyí tí ó ti orí bẹ̀rẹ̀, tí ó gba ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, tí ó sì parí sí ẹsẹ̀ tí ó gbé ara dúró. Orí ìlà yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wọn dúró lé. Bí ó bá tẹ̀, ara tí a bá yà lé e lórí yóò jọ ara ẹni tí ń ṣe nǹkan. Bí ó bá le gbagidi, bí a tilẹ̀ ya ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé, ẹni náà yóò wulẹ̀ dúró ṣáá bí òpó iná ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi kún àkókò náà, ó di ìṣẹ́jú 1, ó di 2, ó di 5, a sì wá ń fi àyà àti ìbàdí kún un, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ kọjú sí ibì kan náà bí ara bá ń yí.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti yé mi jù ni Dada, ní Òkèlele, níbi tí wọ́n kó wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò. Olùkọ́ dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà kan, ó ní, “Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró nítorí tiwa, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.” Ìyá náà dáhùn pé, “Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má yà mí bí arúgbó o.” Ó tẹ̀ láti ìbàdí, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ká rárá, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú ìkòkò, ó ń ti amọ̀ síta, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fi ṣùkù àgbàdo ra ẹ̀yìn ìkòkò náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń yí ìkòkò náà po díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan yà, nítorí ọwọ́ náà kò dúró sójú kan. Olùkọ́ ní kí a wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Láti gìgísẹ̀ dé ìbàdí, ìlà kan gòkè lọ tààrà. Láti ìbàdí dé orí, ó ṣẹ́ wálẹ̀. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni agbára tí ó fi ń ti amọ̀ wà. Nígbà tí mo rí ìyẹn, ìlà díẹ̀ péré ni mo fi yà á, ẹni tí kò bá wa débẹ̀ sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ ni ìyá náà ń ṣe, kì í ṣe pé ẹ̀yìn ń dùn ún.

Wọ́n tún kọ́ wa bí a ṣe ń wá ibi tí ìwúwo ara wà. Ẹni tí ó bá gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, ìbàdí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yóò gòkè, èjìká ẹ̀gbẹ́ kan náà yóò sì rẹlẹ̀. Bí a bá fa ìlà láti kòtò ọrùn wálẹ̀ tààrà, ẹsẹ̀ tí ó gbé ara náà ni yóò bọ́ sí. Iṣẹ́ àmúrelé wa ni pé kí a lọ ya àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ kórópe ní Tanke, mo sì rí i níbẹ̀ pé àárẹ̀, ìkánjú àti ìgbéraga ti hàn ní ìbàdí àti èjìká àwọn ènìyàn kí n tó wo ojú wọn rárá.

Ìdánwò kan wà tí mo ti sọ di tèmi. Bí a bá ya àwòrán tán, a ó fi èédú kun inú rẹ̀ dúdú, kí ó ku òjìji nìkan. Bí òjìji náà kò bá sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe, àwòrán kò tíì yege. Mo fi èyí dán Ìjàpá wò, níbi tí ó ti gbé akèrègbè ọgbọ́n kọ́ ọrùn, tí ó ń gun igi. Láti iwájú, akèrègbè, àyà àti ọwọ́ di òkìtì dúdú kan. Nígbà tí mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, akèrègbè yọ láàárín ikùn rẹ̀ àti igi, ọwọ́ rẹ̀ tí kò tó igi náà sì hàn gbangba. Àwọn ọmọ kíláàsì mi bú sẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu.

Ní ti ìwọ̀n ara, wọn kò fi àkókò ṣòfò: bí a bá fi gígùn orí ẹni wọn gíga rẹ̀, àgbàlagbà ga tó orí méje àti ààbọ̀, àwọn ayàwòrán a máa nà án dé mẹ́jọ, ọmọ ọdún kan sì tó bí orí mẹ́rin. Ohun tí ó mú un dùn ni pé wọ́n kó wa lọ sí Èsìẹ́, sí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ wà. A na pẹ́ńsù síwájú ojú, a fi wọn orí àwọn ère náà mọ́ ara wọn. Púpọ̀ nínú wọn jókòó, orí wọn tóbi ju ìwọ̀n tí a kọ́ lọ, irun wọn sì gba iṣẹ́ ọwọ́ ju ẹsẹ̀ wọn lọ. Olùkọ́ ní ẹni tí ó gbẹ́ wọn mọ ohun tí ó ń ṣe: ó fẹ́ kí ojú wa kọ́kọ́ bọ́ sí orí ni. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi kún ìwọ̀n orí ọba nínú káàdì mi, mo sì ń fa ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ gùn bí ó bá ń sáré.

Ojú ni mo ní ẹjọ́ lé lórí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n sì pín bébà tí wọ́n tẹ ojú aláyọ̀, ojú abínú àti ojú ẹlẹ́rù sí, pé kí a dà á kọ. Ẹnu nìkan ni ó yàtọ̀ nínú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá rẹ́rìn-ín látọkàn wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a gòkè, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ a sún sókè, ojú a kéré, igun rẹ̀ a sì hunjọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, apá irun ojú tí ó sún mọ́ imú ni ó máa ń gbé sókè. Iwájú dígí nílé ni mo ti kọ́ ìwọ̀nyí, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn owó tí mo san. Nígbà tí mo béèrè, olùkọ́ ní ìpele kejì ni wọn ó ti ṣe é, owó ọ̀tọ̀ sì ni ti ìpele kejì.

Ẹ̀kọ́ aṣọ sàn jù ú lọ, bí ó tilẹ̀ yára. Ìṣẹ́po máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ara ti fa aṣọ tàbí tí ó ti tì í: èjìká, ìgúnpá, orúnkún. Ti agbádá òfì a tóbi, kì í pọ̀. Ti àǹkárá a kéré, a sì pọ̀. Àwọn tí a ń yà wọṣọ láti òkè délẹ̀, ó bá Ìlọrin mu, àwọn òbí tí ó mú ọmọbìnrin wọn wá sì mọrírì rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé fún wa kí a lè rí bí ìgúnpá àti orúnkún ṣe ń ká.

Yàrá náà kò fẹ̀, ooru sì máa ń mú níbẹ̀ bí iná bá lọ. Ẹni tí ó bá tètè dé ni yóò rí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti apá kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ kò kọjá ohun tí òbí ń san fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ọmọ kan ní sáà kan, wọ́n sì gbà kí n san án lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kì í pèsè bébà, ṣùgbọ́n ẹ má ra ìwé àwòrán olówó ńlá. Àwọn atẹ̀wé máa ń ta àgékù bébà ní owó pọ́ọ́kú, pẹ́ńsù 2B àti 4B, àwọn tí ẹnu wọn rọ̀, sì tó. Mi ò tíì san ti ìpele kejì. Mo ti ní kí wọ́n fi ètò ẹ̀kọ́ ojú hàn mí ná, kí n mọ̀ bóyá bébà ọjọ́sí náà ni wọ́n tún fẹ́ pín.