Ẹ ṣọ́ra fún ọlọ́jà tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ òdòdó mọ́ kákítọ́ọ̀sì orí òkè o!

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ fẹ́ràn kákítọ́ọ̀sì kékeré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó. Ọlọ́jà kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí tó ń polówó kákítọ́ọ̀sì orí òkè tó ní ó ń yọ òdòdó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ó ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún máa yí i, àmọ́ ọgbọ́n tó ń dá ò yí padà, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Mo rà lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó sì fi ránṣẹ́ ni igi kékeré kan tí òdòdó pupa jókòó gẹlẹtẹ sórí ẹ̀, gọ́ọ̀mù gbígbóná ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Rebutia lorúkọ kákítọ́ọ̀sì orí òkè tí mò ń sọ yìí, ẹni tó bá mọ bó ṣe ń yọ òdòdó, gbájúẹ̀ yìí ò lè mú un. Orí àwọn òkè Andes ní Bolivia àti àríwá Argentina ni Rebutia ti wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń hù níbi tó ga ju mítà 2,000 lọ. Òdòdó ẹ̀ kì í jáde látàárín orí o, ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ti ń yọ, á wá yí igi náà ká. Ọ̀sán ló máa ń ṣí, tílẹ̀ bá ti ṣú á padé, tó bá dọ̀la á tún ṣí, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe fọ́jọ́ mélòó kan kó tó rọ. Ti ọlọ́jà wa yìí, àárín orí gan-an ló wà, kò ṣí, kò padé, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ńṣe ló ń dún wàràwàrà bíi bébà torí òdòdó gbígbẹ ni, oṣù á kọjá ó ṣì wà bó ṣe wà. Òdòdó wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé?

Àárín orí yẹn sì ni kákítọ́ọ̀sì ti ń dàgbà o, ibẹ̀ lẹ̀gún tuntun ti ń jáde, gọ́ọ̀mù gbígbóná á ti jó o. Ẹ tún wo òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sójú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n lẹ ìyẹn náà pọ̀, omi ò ní ráyè wọlé dáadáa, èyí tó bá sì wọlé ò ní tètè gbẹ.

Àmọ́ bébà ìtọ́jú tó fi sínú páálí ló bí mi nínú jù. Ó ní ká máa bomi rin ín lójoojúmọ́, ká gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí oòrùn ò dé, tọdúntọdún. Háà! Ohun tó ń pa á gan-an nìyẹn. Ìgbà tó bá ń dàgbà la máa ń bomi rin ín, ìyẹn náà á di ìgbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ tán, tígbà òtútù bá wá dé, ẹ dáwọ́ omi dúró, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó tutù tó mọ́lẹ̀ kedere, bíi ìwọ̀n 5 sí 10 lórí Celsius. Tí ò bá sinmi bẹ́ẹ̀, kò ní yọ òdòdó gidi nígbà ìrúwé. Ẹni tó bá tẹ̀ lé bébà yẹn, gbòǹgbò ẹ̀ á jẹrà, igi á kú, ọlọ́jà á wá ní ẹ ò mọ nǹkan tọ́jú. Èsì tó fún mi náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì sọ pé igi kú o, òdòdó ni mo bi í léèrè. Àfi bí ẹni pé ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó dé.

Ó tún ń ta hóró tó ní òdòdó búlúù ló máa yọ. Irọ́ ni. Pupa, ọsàn, yẹ́lò, píǹkì, funfun, gbogbo ẹ̀ lẹ máa rí lára Rebutia, kò sí búlúù níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kun fọ́tò yẹn. Hóró gidi kéré gan-an, bíi mìlímítà kan, tí wọ́n bá fi hóró ńlá ránṣẹ́ sí yín, koríko ibòmíì lẹ fẹ́ gbìn.

Tí wọ́n bá ní látorí òkè làwọn ti wú u wá fún yín ní tààràtà, ẹ sá. CITES, ìyẹn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí títa ẹranko àti ewéko igbó kọjá ẹnubodè, ti kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹbí kákítọ́ọ̀sì sábẹ́ òfin, ẹ ò lè kó èyí tí wọ́n wú nínú igbó kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó ya fídíò igi náà lọ́sàn-án àti lálẹ́, kó yọ ọ́ kẹ́ ẹ rí gbòǹgbò, kó sì kọ orúkọ ẹ̀ gan-an, bíi Rebutia minuscula tàbí Rebutia heliosa. Tó bá ń tẹnu mọ́ ọn pé ọjà fẹ́ tán, ẹ jẹ́ kó tán.

Ẹni tó ti rà á, ẹ rọra fọ́ òkúta yẹn kúrò, ẹ pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Òdòdó ẹ̀tàn yẹn, tó bá ń fa awọ ara igi, ẹ fi sílẹ̀ ná, tó bá já tó sì dá egbò sí i, ẹ má bomi rin ín títí ojú egbò á fi gbẹ.

Tí ẹnì kan bá sì kọ̀wé sí yín lẹ́yìn ìkìlọ̀ yìí pé òun fẹ́ dá owó yín padà, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó díẹ̀ ná, òun náà ni, ẹ bílọ́ọ̀kì ẹ̀.