Asẹ́ omi oníyanrìn láti Calgary: ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa kí ẹgbẹ́ ìlú yín tó gbà á lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà

Àpótí kọnkéré ni, ó ga tó ìbàdí àgbàlagbà, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè wá yọ ní ẹ̀gbẹ́. Kò ní táàpù, kò ní pọ́ǹpù, kò sì jẹ iná. Ẹ ó da omi odò tàbí omi kànga sí i lórí, èyí tó ti gba inú yanrìn kọjá á sì máa ṣàn jáde lẹ́nu páìpù. David Manz ló ṣe é jáde ní Yunifásítì Calgary, ní Kánádà, láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ní 2001, òun àti Camille Dow Baker dá CAWST, àjọ kan tó ń kọ́ni nípa omi mímu àti ìmọ́tótó, sílẹ̀ ní ìlú yẹn kan náà. CAWST kì í wá bá ẹnikẹ́ni kọ́ asẹ́. Ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́, wọ́n sì ń fi àwòrán àti ìwé ìlànà rẹ̀ tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Asẹ́ náà dára. Ibi tó ti máa ń dojú rú ni àdéhùn tó gbé e wọ ìlú.

Yanrìn nìkan kọ́ ló ń mú kòkòrò àìfojúrí. Awọ tín-ín-rín kan máa ń hù lójú yanrìn, àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú rẹ̀ ló ń jẹ kòkòrò tó bá omi wọlé. Awọ yìí lè gbà tó 30 ọjọ́ kó tó gbó. Bí ikọ̀ ẹnjiníà tó yọ̀ǹda ara wọn bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ti padà sílé kí asẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, fọ́tò omi tó mọ́ gaara tí wọ́n yà kò sì sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú omi náà. Nítorí náà, kí orúkọ ẹni tí yóò máa yalé kiri lẹ́yìn 30 ọjọ́ wà nínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Engineers Without Borders USA, tí Bernard Amadei dá sílẹ̀ ní 2002, máa ń bá ìlú ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún ó kéré tán. Ẹ lè fi ìyẹn díwọ̀n èyí tí wọ́n bá gbé wá fún yín.

Yanrìn ló yẹ kó gba àkókò yín jù. Ẹ má lọ kó ti etí odò, torí ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà kì í wọ́n nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fọ́ láti ara òkúta ní kúárì ló dáa jù. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, nítorí yanrìn tútù máa ń dí ojú ajọ̀. Ẹ wá fi ajọ̀ mẹ́ta jọ̀ ọ́, oníhò mìlímítà 12, oníhò mìlímítà 6 àti oníhò 0.7. Èyí tó bọ́ nínú 12 tó dúró lórí 6 ni yóò tẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí, sẹ̀ǹtímítà 5. Èyí tó bọ́ nínú 6 tó dúró lórí 0.7 tẹ̀ lé e, sẹ̀ǹtímítà 5 náà. Èyí tó bá bọ́ nínú 0.7 ni yanrìn asẹ́ fúnra rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 54.

Fífọ̀ rẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n á fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìrẹsì títí omi rẹ̀ á fi mọ́ kedere, wọ́n ò mọ̀ pé eruku kúnná díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù tí yóò máa dẹ́kun eré omi. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun pẹ̀lú omi, ẹ yí i po, ẹ gbé e kalẹ̀, kẹ́ ẹ ka ení dé ẹẹ́rin. Bẹ́ ẹ bá ń rí ojú yanrìn náà láti ẹ̀gbẹ́, àmọ́ tí omi orí rẹ̀ ṣì rú díẹ̀, ó ti tó. Bó bá mọ́ gaara, ẹ ti fọ̀ ọ́ jù. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o sínú àpótí, omi ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa da yanrìn sínú omi. Bẹ́ ẹ bá ṣe òdì kejì, atẹ́gùn á há sínú yanrìn, omi ò sì ní rí ọ̀nà gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ rọ omi kún un, kẹ́ ẹ fi aago ka bó ṣe ń jáde. Lítà kan kò gbọdọ̀ yá ju ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ lọ. Bó bá yá jù bẹ́ẹ̀, ẹ padà sídìí yanrìn.

Bí omi bá dáwọ́ dúró, sẹ̀ǹtímítà 5 omi ló yẹ kó ṣẹ́kù lórí yanrìn. Ẹnu páìpù ló ń pinnu rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi táàpù sí i, tí wọn kì í sì í fi rọ́bà gùn ún. Ìyá ilé tó ń wá bí omi á ṣe dé inú kẹ̀ẹ̀gì nílẹ̀ á fi rọ́bà bọ ẹnu páìpù, rọ́bà náà á fa omi títí yóò fi rẹlẹ̀ ju ojú yanrìn, awọ tó ti hù á sì gbẹ kú. Tábìlì kékeré tó gbé ohun ìgbomi sókè ni ìwòsàn rẹ̀, ó sì yẹ kó wà nínú owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lítà 12 ló gbà lẹ́ẹ̀kan. Kó sinmi tó wákàtí kan ó kéré tán kẹ́ ẹ tó da òmíràn, kó má sì ju wákàtí 48 lọ láìsí omi tuntun, kí ebi má pa àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Bó bá ń falẹ̀, ẹ bu omi lé e, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rọra yí ojú yanrìn, ẹ bu omi tó dúdú dànù. Ẹ má kó yanrìn jáde. Kúlórín, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, kò gbọdọ̀ gba orí asẹ́ wọlé láéláé. Inú omi tó ti jáde ni ipò rẹ̀.

Ní Cambodia, nínú ilé 336 tí wọ́n ṣe ìwádìí, 87.5% ṣì ń lo asẹ́ wọn. Omi inú ike ìpamọ́ ló sábà máa ń tún kó èérí. Àmù onídèérí àti ife ọlọ́wọ́ gígùn kò yàtọ̀ sí apá kan asẹ́ náà lójú tiwa.

Asẹ́ yìí ò lè yọ iyọ̀, kò sì lè dá yọ asẹ́níìkì, májèlé tó máa ń wà nínú omi ilẹ̀ láwọn ibì kan. Ní Nepal, àwọn ará MIT (yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà) àti ENPHO (ẹgbẹ́ Nepal tó ń rí sí àyíká) so ọwọ́ pọ̀, wọ́n da ìṣó irin kílò márùn-ún sókè yanrìn, wọ́n fi àfọ́kù bíríkì bò ó, wọ́n sì pè é ní Kanchan. Ìṣó á dípẹtà, asẹ́níìkì á lẹ̀ mọ́ ìpẹtà, yanrìn á sì mú un. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ni, àmọ́ níbi tí irin kò ti pọ̀ nínú omi ilẹ̀, kò ṣe tó bí wọ́n ṣe retí, ìṣó tó ń gbẹ láàárín ìdà kan sí èkejì kì í sì í dípẹtà dáadáa. Àwọn olùwádìí tún ri ìṣó sáàárín yanrìn kó lè máa tutù nígbà gbogbo, ó sì sàn jù. Kí ẹnjiníà yín wọn omi kànga yín gan-an kó tó ya àwòrán.

Èyí tó kù ni mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n ń da kọnkéré àpótí sí. Mọ́ọ̀dù kan, àpótí kan lóòjọ́. Ìlú tó ní ọgọ́ta ilé á fi oṣù méjì dà á, àwọn àlejò á sì ti lọ. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ìlú yín jó mọ́ọ̀dù kejì lójú wọn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí èyí tó bá wọ́ kì í fi kọnkéré sílẹ̀ láìfọ́.