Àga àyàsọ́tọ̀ tàbí kí kálukú jà fún tirẹ̀?

Àga 109 ló wà nílé aṣòfin Benin. 109 náà ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Nàìjíríà. Ibi tí wọ́n ti jọra mọ níyẹn.

Òfin ìdìbò tí Benin ṣe lọ́dún 2019 ya àga 24 sọ́tọ̀ fáwọn obìnrin, ẹyọ kan ní agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dìbò rárá lóṣù kìíní ọdún 2023, iye obìnrin tó máa wọlé ò lè dín ní 24.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Lọ́dún 2023 kan náà, obìnrin mẹ́rin péré. Idiat Adebule láti Ìwọ̀-Oòrùn Èkó wà lára wọn. Ilé ẹjọ́ ló kéde pé Natasha Akpoti-Uduaghan ló wọlé ní tiẹ̀. Ó sì dùn mí, torí ní oṣù kẹta ọdún 2022, àbádòfin tí ì bá fi àga 111 kún ilé aṣòfin àpapọ̀ méjèèjì fáwọn obìnrin dé iwájú àwọn aṣòfin, wọ́n dà á nù. Àwọn obìnrin lọ dí ẹnu géètì wọn l'Ábújá.

Àléébù ti Benin ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń kọ orúkọ sílẹ̀. Wọ́n lè fi ẹni tí kò ní já wọn ní koro síbẹ̀. Síbẹ̀, tiwọn ni mo fara mọ́: ẹni mẹ́rin ò lè pín ara wọn dé gbogbo ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó.